Ọjọ́ Mẹ́jọ ní Tógò: Ohun Tó Dùn Mọ́ Mi àti Ohun Tó Bí Mi Nínú

Ọdún kẹtàlélógún rèé tí mo ti ń ránṣọ ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn. Bí oníbàárà mi kan bá ti ìrìnàjò dé, Dùbáì ló ti dé, tàbí Lọ́ńdọ̀nù, tàbí Mẹ́kà. Nígbà tí mo ní èmi àti àbúrò mi obìnrin fẹ́ lọ sinmi ní Tógò nínú oṣù kìíní, ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi mí: "Kí lẹ fẹ́ lọ rí níbẹ̀, Àǹtí?" Àwọn tó tilẹ̀ mọ̀ ọ́n nínú wọn, ojú ọ̀nà Gánà ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Wọ́n ti sùn nínú bọ́ọ̀sì kọjá níbẹ̀ rí, wọn ò sọ̀kalẹ̀. Èmi sọ̀kalẹ̀, mo lo ọjọ́ mẹ́jọ, owó ara mi ni mo sì ná. Ẹni tó bá ń rò ó láti lọ, kó fetí sílẹ̀.

Ojú ọ̀nà ni màá ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ìyà pọ̀ sí jù. Láti Èkó dé Lomé, olú ìlú Tógò, kò tó 300 kìlómítà. Àwọn ọlọ́kọ̀ sọ fún wa pé aago méjì ọ̀sán la máa dé. Aago mẹ́fà àárọ̀ la ti jókòó sínú ọkọ̀ ní Mazamaza, ó di aago mẹ́jọ kọjá kó tó ṣí. Títì Badagry jẹ wá níyà, ìdádúró ń tẹ̀ lé ìdádúró títí a fi dé Sẹ̀mẹ̀, ẹ̀rọ amúlétutù tí wọ́n gba owó rẹ̀ mọ́ owó ọkọ̀ kò sì ṣiṣẹ́ ju wákàtí kan lọ. Ní Kútọnú, awakọ̀ dúró já ẹrù oníṣòwò kan fún wákàtí kan ààbọ̀, kò sì sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni nínú wa. Ilẹ̀ ti ṣú kí a tó kọjá ibodè kejì ní Hilla-Condji, láàárín Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò. Ibẹ̀ ni àbúrò mi ti rí i pé aago orí fóònù rẹ̀ ti padà sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ló rí: aago Tógò fi wákàtí kan wà lẹ́yìn tiwa àti ti Bẹ̀nẹ̀, ẹ fi sọ́kàn bí ẹ bá ní ẹni tó fẹ́ wá pàdé yín.

Ọ̀rọ̀ ibodè gan-an ló bí mi nínú jù. Láti 1979 ni àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ti fọwọ́ sí i pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn kó sì lo 90 ọjọ́ láìgba físà. Èkó tiwa níbí ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní 1975, Gowon tiwa àti Eyadéma ti Tógò ni wọ́n sì jọ sáré rẹ̀ jù. Páàsìpọ́ọ̀tù mi wà lọ́wọ́, káàdì yẹ́lò mi wà nínú rẹ̀. Síbẹ̀, ní ọ̀kan nínú àwọn ibodè tí a kọjá, ọ̀gbẹ́ni kan tó wọ aṣọ ìjọba ṣí páàsìpọ́ọ̀tù mi sílẹ̀, ó fi ìka lù ú lẹ́ẹ̀mejì, kò tẹ òǹtẹ̀, ó ń wò mí. Obìnrin tó tò sẹ́yìn mi sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sí mi létí: "Ẹgbẹ̀rún kan sẹ́fà ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún un ká máa lọ." Mo ní kí ọ̀gbẹ́ni náà kọ rìsíìtì fún mi. Ó ti páàsìpọ́ọ̀tù mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń pe àwọn tó kù. Ogójì ìṣẹ́jú ni mo fi wà lórí ìdúró. Nígbà tí awakọ̀ fun fèrè lẹ́ẹ̀kẹta, mo san án. Ó ń dùn mí títí di òní. Kì í ṣe nítorí iye owó náà, bí kò ṣe pé ilẹ̀ tí bàbá wa àgbà ń fẹsẹ̀ rìn já láìsí ẹni tó ń bi í léèrè ni wọ́n ti ní kí n san owó ẹ̀yìn.

Ẹ má gbé náírà lọ síbẹ̀. Sẹ́fà ni wọ́n ń ná, ẹ sì rí i pé ẹyọ rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín, 500, 1,000, 2,000. Ẹni tó bá mú 10,000 sẹ́fà lọ ra omi yóò dúró títí, torí ṣéńjì ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Àti ọ̀rọ̀ èdè: Faransé ni èdè ìjọba, Ewé àti Mínà ni wọ́n ń sọ lójú pópó Lomé. Gẹ̀ẹ́sì kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò bí èèyàn bá ti kúrò lágbègbè ibodè Gánà. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, mo dà bí odi. Ohun tó gbà mí ni ìkíni. Wọ́n á ní "woezo" sí yín, ìyẹn ẹ káàbọ̀. Ẹ̀yin náà á ní "yoo". Bí wọ́n bá ṣe yín lóore, ẹ ní "akpé". Ẹni tó bá ti kí wọn, wọ́n á fi sùúrù wá ọ̀nà láti gbọ́ ọ yé. Àwọn ènìyàn tó mọ ìkíni ni wọ́n, ọmọ Yorùbá á sì mọyì ìyẹn.

Ilẹ̀ mọ́, mo rí Lomé. Ìlú náà jókòó sí etí òkun, ó sì sún mọ́ Gánà débi pé bí a bá ń rin títì etíkun lọ, ibodè la ó bá lópin rẹ̀. Ọ̀kadà ni gbogbo ènìyàn ń gùn, zémidjan ni wọ́n ń pè é. Ariwo fèrè tó ti mọ́ wa létí kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Etíkun gùn, àgbọn tò sí i, ó dùn ún wò, ṣùgbọ́n ẹ má torí òkun lọ sí Tógò. Ìgbì rẹ̀ le, omi ń fa ènìyàn wọlé, wọn kì í sì í gba àlejò níyànjú pé kó wẹ̀ níbẹ̀. Ní apá Aného, òkun ti ń jẹ ilẹ̀ àti ilé lọ. Bí ọ̀sán bá ti rọlẹ̀, ẹ kúrò létí omi.

Ààfin àwọn gómìnà àtijọ́, tí àwọn Jámánì kọ́, tí wọ́n tún ṣe, tí wọ́n sì ṣí fún àwọn aráàlú ní 2019 gẹ́gẹ́ bí ilé iṣẹ́ ọnà, ẹ lọ síbẹ̀. Igi tó wà nínú ọgbà rẹ̀ nìkan tó ìdí tí èèyàn á fi lọ jókòó níbẹ̀ lọ́sàn-án. Ọjà àwọn lẹ́kùlẹ́jà ní Akodésséwa, tí gbogbo ìwé arìnrìn-àjò máa ń dárúkọ, kò dùn mọ́ mi. Orí ọ̀bọ, awọ ọ̀ọ̀nì, ẹyẹ gbígbẹ: gbogbo rẹ̀ ni à ń rí lọ́wọ́ àwọn lẹ́kùlẹ́jà wa nílé. Owó ìwọlé ni wọ́n kọ́kọ́ gbà, wọ́n tún gba owó fọ́tò, lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n ra oògùn ìrìnàjò. Mo jáde.

Ọjà ńlá tó wà láàárín ìlú, nítòsí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àwọn Kátólíìkì, ni ibi tí ọkàn mi fà sí. Gbogbo aránṣọ tó ti dàgbà lẹ́nu iṣẹ́ ló yẹ kó mọ ìtàn àwọn Nana Benz. Àwọn obìnrin Lomé ni. Àwọn ni wọ́n ń gba àǹkárá tí à ń pè ní họ́láńdì lọ́wọ́ Vlisco, ilé iṣẹ́ tó ti wà ní ìlú Helmond ní ilẹ̀ Họ́láǹdì láti 1846, wọ́n sì ń pín in káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Wọ́n lówó débi pé Mercedes-Benz ni wọ́n ń gùn, ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń sọ irú àwọ̀ tí aṣọ máa ní, àwọn ni wọ́n sì ń sọ ọ́ lórúkọ kó tó dé ọjà. Nígbà tí wọ́n sọ iye sẹ́fà di ìdajì ní oṣù kìíní 1994, họ́láńdì wọ́n gógó. Lẹ́yìn náà ni aṣọ Ṣáínà gba ọjà. Ní oṣù kìíní 2013, iná jó ọjà náà.

Mo bá ìyá kan níbẹ̀ tó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ó na ọ̀pá aṣọ kan sí mi, aláwọ̀ ẹlú tó ní funfun. Mo yí i padà wo ẹ̀yìn rẹ̀, torí ẹ̀yìn ni mo fi ń mọ ojúlówó: ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ dúdú bí iwájú. Mo tún fà á sí òòró, mo fà á sí ìbú, mo fi ìka pa á, mo gbóòórùn rẹ̀. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó di ọwọ́ mi mú, ó wo ibi tí abẹ́rẹ́ ti mú kí orí ìka mi le, ó sì nawọ́ ìka tirẹ̀ náà sí mi: bákan náà ni. Kò sí èdè láàárín wa. Ó yọ ẹgbẹ̀rún márùn-ún sẹ́fà kúrò nínú iye tó kọ́kọ́ pè.

Oúnjẹ, mi ò ní ẹ̀sùn kankan. Ohun tí wọ́n ń pè ní fufu níbẹ̀, iyán wa gan-an ni, iṣu tí wọ́n gún. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ìró odó á máa ti àgbàlá dé àgbàlá. Wọ́n ní ọbẹ̀ adémè, ewédú ni. Wọ́n ní gboma, ẹ̀fọ́ tó jọ ìgbá tiwa, tí wọ́n fi ẹja àti akàn sè. Mo jẹ iyán pẹ̀lú ẹran ewúrẹ́ ní 1,500 sẹ́fà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kan, mi ò tíì jẹ irú rẹ̀ ní ilé oúnjẹ kankan n'Ìbàdàn láti ìgbà yẹn. Ata wọn kò tó tiwa. Ẹ ní kí wọ́n gbé ata lọ́tọ̀ wá.

Ọjọ́ kẹrin la lọ sí Kpalimé, nǹkan bí 120 kìlómítà sí Lomé. Ìlú orí òkè ni, wọ́n ń gbin kọfí àti kòkó, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì tutù. Ibẹ̀ náà ni mo ti kọ́ pé ìgbà tí èèyàn bá lọ ṣe pàtàkì. Òkè Agou ni ó ga jù ní gbogbo Tógò, mítà 986. Wọ́n ní bí ojú ọjọ́ bá mọ́ èèyàn á rí ilẹ̀ Gánà láti orí rẹ̀. Oṣù kìíní ni àwa lọ, ọyẹ́ bo gbogbo rẹ̀, mi ò rí ju igi tó wà lẹ́sẹ̀ òkè lọ. Àbúrò mi ń wú ikọ́ títí a fi sọ̀kalẹ̀. Omi tó ń dà láti orí àpáta ní Womé náà ti gbẹ, ó ń ṣàn tíẹ́ bí omi ẹ̀rọ. Ọmọkùnrin tó mú wa lọ kò sọ fún wa kí ó tó gba owó, ìyẹn ò dára. Ẹ lọ lóṣù kẹsàn-án tàbí kẹwàá, nígbà tí òjò bá ti mú omi kún.

Ohun tí ọyẹ́ kò lè bò ni iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Ọkùnrin kan ń hun kẹńtẹ́ lábẹ́ àtíbàbà nínú Kpalimé. Mo jókòó tì í fún odindi ọ̀sán. Ẹni tó bá ti dé Ìṣẹ́yìn rí á mọ ohun tí mo rí: òfì tóóró ni, aṣọ tó ń jáde kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, òwú gígùn tí ó fi òkúta tẹ̀ mọ́lẹ̀ lókèèrè ń sún bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Okùn ìtẹ̀ wà láàárín àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ àti ìka tó tẹ̀ lé e. Bí ẹsẹ̀ ọ̀tún bá wálẹ̀, òwú yà. Bí ẹsẹ̀ òsì bá wálẹ̀, ó tún yà lódì kejì. Ó ń ju igi òwú láti ọwọ́ dé ọwọ́ láìwò ó. Àmọ́ òwú tó ń mú àwòrán jáde, ọ̀tọ̀ ni, ìka ló fi ń ṣa á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Mo ka òwú pupa mọ́kànlá tó fi kọ ẹyẹ kékeré kan. Nígbà tí mo fi àwòrán aṣọ òkè láti ọjà Ọjẹ́ hàn án lórí fóònù, ó gba fóònù náà lọ́wọ́ mi, ó fẹ̀ ẹ́ lójú títí tó fi rí okùn òwú rẹ̀, ó sì pe ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ wá wò ó. Mo ra aṣọ náà. Mi ò ná an rárá, torí mo mọ iye wákàtí tó wà nínú rẹ̀.

Ilé àlejò tí a dé sí ní Kpalimé jẹ́ 15,000 sẹ́fà fún alẹ́ kan. Ó mọ́ tónítóní, omi rẹ̀ tutù, iná lọ lẹ́ẹ̀mejì.

Kí n tó kúrò nílé, mo ti gbọ́ pé Yorùbá wà ní Tógò. Àdúgbò kan wà ní Lomé tí wọ́n ń pè ní Anagokomé, àdúgbò àwọn Ànàgó, àwa nìyẹn. Emmanuel Adebayor, tó wà nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tó gbé Tógò lọ sí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àgbáyé ní Jámánì ní 2006, Lomé ni wọ́n bí i sí, orúkọ rẹ̀ ti sọ ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí, ọ̀nà òwò ló gbé wọn dé ibẹ̀. Atakpamé yàtọ̀. Ó fi nǹkan bí 160 kìlómítà jìnnà sí Lomé lójú ọ̀nà àríwá, ọ̀nà tí ọkọ̀ akẹ́rù ńláńlá kún. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ń pe ara wọn ní Ifè. Ana ni àwọn ẹlòmíràn ń pè wọ́n. Wọ́n ní Ilé-Ifẹ̀ ni àwọn baba wọn ti ṣí wá.

Ìlú náà kò múra de àlejò. Ó gbóná, ó wà lórí òkè àti àfonífojì, ilé àlejò kò pọ̀, kò sì sí àmì tó ń darí ẹnikẹ́ni. A lọ wo Kamina, níbi tí àwọn Jámánì kọ́ ilé iṣẹ́ wáyà aláfẹ́fẹ́ ńlá sí, kí wọ́n lè máa bá Nauen nítòsí Berlin sọ̀rọ̀. Kò pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ fi dé. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé sún mọ́ tòsí, àwọn Jámánì fi ọwọ́ ara wọn fọ́ ọ ní òru ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹjọ 1914. Ìpìlẹ̀ ló kù nínú igbó, ewéko ti bò ó. Bí ẹ ò bá ní ẹni tó mọ ìtàn náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ ó kọjá lára rẹ̀ láìmọ̀.

Lójú ọ̀nà tí a ti ń padà, a dúró lọ́dọ̀ ìyá ọlọ́sàn kan. Ó ń kà á sínú ọ̀rá, ẹnu rẹ̀ ń lọ wúyẹ́wúyẹ́. Owó ni mo ń yọ, mi ò fetí sí i, àfi ìgbà tí mo gbọ́ mẹ́ta. Ọwọ́ mi dúró. Ohùn rẹ̀ kò rí bíi tiwa gan-an, ó fẹ́lẹ́ díẹ̀, àmọ́ mẹ́ta ni. Ó tún ka mẹ́fà. Mo bá a ka èyí tó kù, mo ní mẹ́sàn-án, ó sì gbójú sókè wò mí, ọsàn kẹsàn-án wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò jù ú sínú ọ̀rá.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lọ. Gbólóhùn mẹ́ta, mẹ́rin ń kọjá tí mi ò mú ẹyọ kan, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ kan á jáde tí mo mọ̀ láti kékeré. Ọmọ rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ bíríkìlà rí ní Ṣàgámù, òun ló ń túmọ̀ fún wa. Ìyá náà ní kó bi mí bóyá mo ti fi ẹsẹ̀ mi tẹ Ilé-Ifẹ̀ rí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kò jìnnà sílé mi. Ó ní báwo ló ṣe rí? Mi ò rí èsì fún un. Mo ti lọ já aṣọ ìgbéyàwó ní Ifẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, mi ò sọ̀kalẹ̀ wo nǹkan kan rí, bí àwọn èèyàn mi ṣe ń sùn kọjá ní Tógò.

Nítorí náà, bí ẹ bá bi mí, méje nínú mẹ́wàá ni màá fún Tógò. Ọ̀nà àti ibodè ló gba méjì lọ, ìgbà tí a yàn láti lọ ló gba ẹyọ kan. Ẹni tó ń wá ilé ìtajà gíga àti ibi tó ń dán, owó rẹ̀ máa ṣòfò. Ẹni tó bá fẹ́ràn aṣọ, oúnjẹ, òkè, àti kí wọ́n dá a lóhùn bí ènìyàn, kó lọ, kó má sì lo ọjọ́ tó dín ní méje. Mi ò dé Koutammakou, níbi tí àwọn Batammariba ti ń fi amọ̀ kọ́ ilé alájà tó dà bí odi, tí UNESCO kọ sínú ìwé àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2004. Ó jìnnà sókè, apá àríwá pátápátá kò sì ní ìbàlẹ̀ ọkàn láti 2022, ẹ béèrè dáadáa kí ẹ tó gba ọ̀nà yẹn. Ẹ gba ọkọ̀ tó ń gbé ènìyàn nìkan, kì í ṣe èyí tó ń já ẹrù.

Ọ̀sẹ̀ kejì tí a padà dé, mo ti ilé ìránṣọ mi ní ọjọ́ Sátidé, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ifẹ̀. Mo ya Ọ̀pá Ọ̀rányàn, òkúta gíga yẹn tí wọ́n gún ìṣó irin sí lára, láti ìsàlẹ̀ dé orí. Mo ya ẹnu ọ̀nà ààfin, mo ya ọjà. Mo fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọmọ ìyá ọlọ́sàn lórí WhatsApp. Ó di alẹ́ kí èsì tó dé, ohùn ìyá náà ni, ó ń yára sọ̀rọ̀, ọmọ rẹ̀ sì ń túmọ̀ lẹ́yìn rẹ̀: ó ní ṣé mo fi ọwọ́ kan òkúta náà, ó ní ṣé ó tutù.